Pásíwọ́ọ̀dù Ara Pátákó

“Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ̀wé sí wa pé ẹ ò wá mọ́,” obìnrin orí fóònù wí.

Olómi gbé ìgò omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un sọ.”

“Íméèlì yín wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Inú wa ò dùn sí i, ká má parọ́, ẹ̀yin la fẹ́. Ṣùgbọ́n a ò lè fi tipátipá mú èèyàn wá síbi iṣẹ́. A ti kọ̀wé sí ẹni tó ṣe ìkejì.”

“Èmi ni mo ní mi ò wá mọ́? Èmi tí mo pè yín báyìí láti bèèrè ọjọ́ tí mo lè kó wọ yàrá tí ẹ ní ẹ máa fún mi?”

Olómi ń gbọ́ bí obìnrin náà ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí i létí: “‘Mo dúpẹ́ púpọ̀ fún ipò ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò omi tí ẹ fi lọ̀ mí. Lẹ́yìn tí mo rò ó síwá, tí mo rò ó sẹ́yìn, mo rí i pé mi ò ní lè gbà á nítorí ọ̀ràn ẹbí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún ẹlòmíràn tó tọ́ sí.’ Orúkọ yín ló wà nísàlẹ̀, mà, tòun ti orúkọ bàbá yín.”

Ọ̀ràn ẹbí! Orí Olómi gbóná bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Olómi kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé. Àwọn ará àdúgbò ló ń pè é bẹ́ẹ̀, torí ilé-iṣẹ́ omi ìlú ló ń bá ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹnu ẹ̀rọ omi tí kì í gbé ìgò lọ bá. Yóò bu omi, yóò gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò, yóò wò ó bóyá ó ṣeé mu, yóò kọ ohun tó bá rí, yóò sì fọwọ́ sí i. Nígbà kan, ọ̀gá rẹ̀ ní kó fọwọ́ sí omi àdúgbò kan tí Olómi kò tíì dé. “Omi kan náà ṣáà ni,” ọ̀gá wí. Olómi ní òun ò lè fọwọ́ sí omi tí òun ò fojú rí. Ó fi àáké kọ́rí. Láti ìgbà náà, àwọn tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ló ń gba orí rẹ̀ kọjá lọ sípò gíga, tí òun ṣì wà nídìí ìgò. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ omi ìlú mìíràn wá ní kó wá ṣe ọ̀gá lọ́dọ̀ àwọn, ńṣe ló ti ara rẹ̀ mọ́ balùwẹ̀, tó sunkún ayọ̀. Iṣẹ́ náà ló wá fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ yìí, ẹnu ara rẹ̀ ni wọ́n sì ní ó fi kọ̀ ọ́.

“Mà, kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́.”

“Ta wá ni?”

“Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n màá mọ̀ ọ́n lónìí yìí.”

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. “Ẹnì kejì ò tíì fọwọ́ síwèé. Àárọ̀ ọ̀la ló ń bọ̀. Tí ẹ bá lè ṣàlàyé fún mi kí a tó ṣíwọ́ lónìí, tí àlàyé náà sì wọ etí, màá gbé e lọ bá ọ̀gá mi. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí o. Èsì omi gbogbo ìlú ló máa wà níkàáwọ́ yín. Tí ẹnì kan bá wà tó lè máa fi orúkọ yín kọ ohun tó wù ú, ó yẹ ká mọ̀ ọ́n.”

Olómi ò bínú sí i. Ọ̀rọ̀ gidi ni obìnrin náà sọ. Ẹni tí yóò bínú sí ló ń wá.

Ó gba ọ̀dọ̀ Wáyà lọ tààrà. Wáyà ni gbogbo wọn ń pe ọkùnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í jókòó dáadáa lórí àga.

“Àǹtí, ta ló ṣẹ̀ yín? Ojú yín ti pọ́n.”

“Má bi mí ní nǹkan kan. Bá mi wo ẹni tó wọ íméèlì mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.”

Wáyà gba fóònù rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ síbí, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Kò pẹ́ tó fi dá a padà.

“Kì í ṣe fóònù yìí ni wọ́n fi kọ ọ́. Táábù kan ni. Ṣé ẹ ní táábù?”

“Ọ̀kan wà nílé. Gbogbo wa la jọ ń lò ó.”

“Òun náà ni. Íńtánẹ́ẹ̀tì ilé yín ló sì gbà. Ta ló mọ pásíwọ́ọ̀dù yín?”

Olómi gbé ojú sá. “Ó wà lára pátákó ní kíṣìnì.”

Ó ń retí kí Wáyà bú sẹ́rìn-ín. Wáyà kan náà tó máa ń pariwo lé wọn lórí lójoojúmọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má lẹ pásíwọ́ọ̀dù mọ́ ara kọ̀ǹpútà! Ṣùgbọ́n Wáyà ò rẹ́rìn-ín rárá.

“O ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? O ò bú mi?”

“Kí ni mo fẹ́ bú yín sí? Ibi iṣẹ́ yàtọ̀ sílé. Níbí, gbogbo ayé ló ń kọjá. Nílé, èmi gan-an kọ tèmi síwèé, mo fi sínú àpótí aṣọ. Olè tó ń ti òkè òkun jà kò lè na ọrùn wọ kíṣìnì yín, Àǹtí. Pásíwọ́ọ̀dù tó gùn dáadáa téèyàn kọ sílé sàn ju èyí yẹpẹrẹ téèyàn há sórí lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ta ló ń wọ kíṣìnì? Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.”

“Èmi àti ìyá mi nìkan là ń gbé ilé.”

Wáyà dìde lórí àga. Ó wo ilẹ̀, ó wo àjà. “Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí,” ó wí. “Ẹ yí i padà kí ẹ tó kúrò níwájú mi. Ẹ má sì kọ ọ́ sára ohunkóhun lónìí ná.”

Olómi yí i padà. Ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sọ fún ọ̀gá pé òun ń lọ sílé, kò sì dúró gbọ́ ohun tí ọ̀gá wí. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹni tó jókòó tì í kí i, kò dáhùn. Ó ń wá ẹni tí yóò gbé e lé lórí yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀. Kò rí ẹnì kankan. Bí bọ́ọ̀sì ṣe ń sún mọ́lé ni inú ń bí i sí i, tó bẹ́ẹ̀ tó fi kọjá ibi tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀, tó sì fẹsẹ̀ rìn padà nínú oòrùn.

Pátákó tí à ń wí yìí, ẹ má fojú kékeré wò ó o. Tísà ni ìyá Olómi, Tísà Àgbà ni gbogbo ìgboro mọ̀ ọ́n sí, ó sì fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń kọ a, b, d. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra pátákó dúdú kan, ó gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kíṣìnì. Ọjọ́ tí wọ́n ra gáàsì, ọjọ́ tó fẹ́ lọ rí dókítà, nọ́ńbà ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ nínú ìkọ̀wé rẹ̀ tó gún régé. Ìgbà tí bàbá Olómi kú ni ọ̀rọ̀ pásíwọ́ọ̀dù débẹ̀. Bàbá kú lójijì, kò sí ẹni tó lè ṣí fóònù rẹ̀. Ọ̀rẹ́ tí wọn ò rí nọ́ńbà rẹ̀ pè, àwòrán tí wọn ò rí mú, ohun gbogbo há sínú ẹ̀rọ náà títí dòní. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe ìsìnkú tán, Tísà Àgbà mú ṣọ́ọ̀kì, ó ní láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ lọ sọ́run nínú ilé yìí. Kí oníkálukú wá kọ tirẹ̀.

Nǹkan gidi ni, àbí? Kò sí ẹni tó lè ní ìyá náà ò gbọ́n. Ibi tó ti yíwọ́ ni pé kíkọ rẹ̀ di ẹ̀rí ìfẹ́, tí àìkọ rẹ̀ sì di èébú. Olómi yí íméèlì rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan, kò sì tètè kọ ọ́ sára pátákó. Ìyá rẹ̀ kọ oúnjẹ. “Ṣé olè ni mí?” ló ń bi í, “ṣé èmi tí mo nu ìdí rẹ ni mo wá di ẹni tí ò ń ti ilẹ̀kùn mọ́?” Ojú ti Olómi. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ gàdàgbà gadagba. Láti ọjọ́ yẹn, kò tún dán an wò mọ́.

Ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń gé àlùbọ́sà.

“Màmá, ta ló wọ íméèlì mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?”

“Èmi ni,” Tísà Àgbà wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Bọ́ bàtà rẹ o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ ni.”

Ẹ wo ọ̀rọ̀! Nínú bọ́ọ̀sì, Olómi ti to gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀: bí ìyá bá sẹ́, ohun báyìí ni òun máa wí, bó bá ní òun ò mọ̀, ohun báyìí ni òun máa fi dá a lóhùn. Ìyá ò sẹ́. Olómi dúró sẹ́nu ọ̀nà tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

“Ẹ̀yin ni? Ẹ̀yin lẹ kọ̀wé sí wọn pé mi ò ṣe mọ́?”

“Èmi ni mo kọ ọ́. Ìwé tó dáa ni mo kọ sí wọn. Mi ò bú ẹnikẹ́ni.”

“Màmá!”

“Má pariwo mọ́ mi. Mo fẹ́ wo àwòrán àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ nínú íméèlì rẹ, mo wá rí ìwé àwọn tó fún ọ níṣẹ́ níbẹ̀. O ti gbà láti lọ ìlú mìíràn, o ò sì mẹ́nu kàn án fún mi! O jókòó síwájú mi, ò ń jẹun, ò ń rẹ́rìn-ín, o sì ti ń kó ẹrù lọ nínú ọkàn rẹ. Ta ló fi nǹkan pamọ́ fún ẹnì kejì, èmi àbí ìwọ?”

“Ọjọ́ Ìsinmi ni mo fẹ́ sọ fún yín.”

“Ọjọ́ Ìsinmi wo? Ìsinmi mélòó ló ti kọjá?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ba Olómi, torí òótọ́ ni. Ó ti fẹ́ sọ ọ́ títí, ẹ̀rù ojú ìyá rẹ̀ ni kò jẹ́. Ṣùgbọ́n inú tó ń bí i ti pọ̀ ju ohun tí ìtìjú lè pa lọ.

“Ó dáa, mo jẹ̀bi ìyẹn. Ẹ̀ bá bi mí. Ẹ̀ bá bú mi. Ẹ̀ bá jókòó sílẹ̀ kẹ́ ẹ ní mi ò ní lọ, ká jọ jà á. Ṣùgbọ́n ẹ wọlé sínú nǹkan mi, ẹ mú orúkọ mi, ẹ fi kọ ohun tí mi ò wí! A kì í torí pé a bára tan ká fa ara wa nítan ya, Màmá!”

Tísà Àgbà fi ọ̀bẹ lélẹ̀. Omijé àlùbọ́sà wà lójú rẹ̀, àbí omijé gidi ni, Olómi ò mọ̀.

“Orúkọ ta? Ta ló sọ ọ́ lórúkọ náà? Nígbà tí mo bí ọ, tí bàbá rẹ ní kí wọ́n pè ọ́ ní orúkọ ìyá rẹ̀, ta ló ní rárá, èyí ni ọmọ mi máa jẹ́? Orúkọ tí mo fẹnu ara mi sọ ọ́, ṣé mi ò lè wá fi kọ̀wé ni?”

Ohùn Olómi lọ sílẹ̀.

“Ẹ sọ mí lórúkọ, ẹ sì ti fún mi. Ohun tí a bá ti fúnni, a kì í mú un lò láìsọ fún olówó rẹ̀. Mo kọ̀ láti fi orúkọ yẹn sábẹ́ omi tí mi ò rí, Màmá. Wọ́n torí ẹ̀ rẹ́ mi jẹ, ẹ sì mọ̀. Ẹ̀yin lẹ gbé mi mọ́ra lọ́jọ́ yẹn, tẹ́ ẹ ní mo ṣe é dáadáa. Ẹ̀yin náà lẹ wá fi í sábẹ́ irọ́.”

“Kì í ṣe irọ́! Ọ̀ràn ẹbí ni mo kọ. Èmi ni ẹbí. Bí mo bá ṣubú ní balùwẹ̀ ńkọ́? Ta ló máa gbọ́? Bó bá rẹ̀ mí lóru, ta ni mo fẹ́ pè? Ẹ̀rọ ìfọṣọ?”

Ó wá ṣe bí ẹni tó ti sọ jù. Ó tún gbé ọ̀bẹ, ó ń gé àlùbọ́sà tó ti gé tán tẹ́lẹ̀.

Bàtà ró lẹ́yìnkùlé. Bọ̀dá ló dé, ẹ̀gbọ́n Olómi tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Ìyá ti pè é lórí fóònù ṣáájú, ọkàn ti sọ fún un pé ọmọ òun ń bọ̀ wálé pẹ̀lú ìjà. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì kún fún gírísì.

“Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà,” Bọ̀dá wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rọra. Àbúrò mi, ìbínú ò da nǹkan fúnni. Màmá ò ṣe é dáa, ó ti tán. Kí ni àwọn èèyàn yẹn ní o máa ṣe?”

“Wọ́n ní kí n ṣàlàyé kí wọ́n tó ṣíwọ́ lónìí. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó kọ ọ́.”

“Ìyẹn nìkan? Wò ó, kò le rárá. Sọ pé àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Ta ni ò mọ̀ pé wọ́n ń jà káàkiri? Wọ́n á bá ọ kẹ́dùn, wọ́n á fún ọ níṣẹ́ rẹ, orúkọ ìyá wa ò sì ní bàjẹ́ níbì kan. Bí ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ wà nínú, itọ́ funfun là ń tu síta.”

“Itọ́ funfun ni mo ti ń tu látìgbà tí bàbá ti kú, Bọ̀dá. Ẹ̀jẹ̀ ti kún mi lẹ́nu.”

“Kí ló dé tí ò ń sọ̀rọ̀ báyìí?”

“Ẹ wo pátákó yẹn dáadáa. Ẹ bá mi wá pásíwọ́ọ̀dù tiyín níbẹ̀.”

Bọ̀dá wò ó. Tìyá wà níbẹ̀, ti íméèlì, ti ibi tí wọ́n ti ń san iná. Ti Olómi wà níbẹ̀, mẹ́rin. Tirẹ̀ ò sí.

“Ìyàwó mi ò ní gbà,” Bọ̀dá wí wẹ́rẹ́.

“Ta ló bi yín léèrè rí? Ẹ jáde nílé, ẹ ti ilẹ̀kùn yín, kò sí ẹni tó pè yín lólè. Èmi tí mo dúró ti ìyá ni mo gbọ́dọ̀ ṣí ikùn mi sílẹ̀ kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò! Ẹ máa wá lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, ẹ jẹun, ẹ ní Màmá kú ìtọ́jú, ẹ lọ. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi nípa ìbínú.”

Olómi bọ́ sí pálọ̀, ó jókòó, ó sì ṣí fóònù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Bọ̀dá sì dùn ún létí, ká sọ tòótọ́. Ó rọrùn. Ó kọ ọ́: “Àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló jí íméèlì mi lò.” Ó kà á. Ohun kan ṣoṣo ló kù, kó tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ. Ó wá rí orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀, tí fóònù fúnra rẹ̀ ti kọ síbẹ̀ fún un, inú sì tún bí i. Orúkọ náà ló tún fẹ́ fi sábẹ́ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ yẹn. Kí ló wá yà á sọ́tọ̀ sí ọ̀gá rẹ̀? Kí ló yà á sọ́tọ̀ sí ẹni tó ń bá jà ní kíṣìnì? Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Ó padà wọ kíṣìnì, ó gbé fóònù síwájú ìyá rẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wọn, Màmá.”

“Kí ni?”

“Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́.”

“Èmi? Kí n máa sọ fún àlejò tí mi ò rí rí pé mo wọ inú nǹkan ọmọ mi? Pẹ̀lú ewú orí mi yìí? Èmi tí mo ti na ọmọ tó ń wo ìwé ẹlòmíràn ní kíláàsì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Pẹ̀lú ewú náà.”

Bọ̀dá pariwo. “O ti ya wèrè ni? Ìyá rẹ lò ń bá sọ̀rọ̀ o!”

“Mo mọ̀ wọ́n.”

Tísà Àgbà wo ọmọ rẹ̀ títí. Ó fi ọwọ́ kan di etí tábìlì mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Orúnkún kan kanlẹ̀. Ó ń mí gúlegúle.

“Mo bẹ̀ ọ́,” ó wí. “Má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́ fún wọn. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ọ́.”

“Ó ti parí!” Bọ̀dá ké, ó sì fọwọ́ gírísì bo orí. “Ìyá ti kúnlẹ̀ fún ọmọ! Ọ̀rọ̀ kankan ò tún sí mọ́. Kí ni mo tún fẹ́ fojú rí?”

Ẹ gbọ́, ẹni tí ìyá rẹ̀ bá kúnlẹ̀ fún, ẹjọ́ rẹ̀ ti kú nìyẹn. Bó ti wù kó jàre tó, ta ló tún fẹ́ gbọ́? Tísà Àgbà mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó kúnlẹ̀, Olómi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó sì bí i nínú jù lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá ìyá rẹ̀, ó gbé e dìde. Ìyá fúyẹ́ ju bó ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n kò tìtorí ìyẹn fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

“Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, Màmá, ẹ fẹ́ fi mí gégùn-ún ni? Mi ò fẹ́ ìkúnlẹ̀. Orí ìdúró ni kẹ́ ẹ ti sọ òtítọ́.”

Fóònù ti ń dún lápá kejì. Olómi ló tẹ nọ́ńbà obìnrin ilé-iṣẹ́ omi náà, ó sì gbé ohùn fóònù síta kí gbogbo wọn lè gbọ́.

“Ẹ káàsán,” obìnrin náà wí. “Mo ń retí yín.”

Bọ̀dá ń fọwọ́ bẹ àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn ìyá. Olómi ò wò ó.

“Ẹ kú iṣẹ́, mà,” Tísà Àgbà wí níkẹyìn. Ohùn tó fi ń bá ọ̀gá àgbà ilé ìwé sọ̀rọ̀ láyé àtijọ́ ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ̀n. “Èmi ni ìyá rẹ̀. Èmi ni mo kọ ìwé ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Ọmọ mi ò mọ̀ sí i.”

“Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, Màmá? Kí ló dé?”

“Ẹ̀rù ló bà mí,” Tísà Àgbà wí. “Mi ò fẹ́ kó fi mí sílẹ̀. Mo wò ó pé tí mo bá bẹ̀ ẹ́, ó lè kọ̀. Mo bá bá a kọ ọ́.”

Ẹnu ya obìnrin náà. “Mo gbọ́ yín. Mo ní láti bi yín ní ohun kan, ẹ má bínú. Pásíwọ́ọ̀dù iṣẹ́ rẹ̀, èyí tó fi ń kọ èsì omi, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?”

“Rárá.”

“Ṣé ó dá yín lójú?”

“Ó dá mi lójú, torí mo bi í, kò fún mi. A jà sí i lọ́dún tó kọjá. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ bíi tàwọn yòókù, ó ní àwọn yòókù jẹ́ tòun, ìyẹn jẹ́ tàwọn tó ń mu omi.” Ó gbé ọwọ́ nu ojú. “Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí ọjọ́ méjì. Kò sì fún mi náà.”

Olómi ti gbàgbé ìjà yẹn. Ó tún wo ìyá rẹ̀ dáadáa.

“Ó dáa,” obìnrin náà wí. “Ẹ ṣeun, Màmá. Kò sí ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rọrùn fún láti sọ. Ẹ sọ fún un pé mò ń lọ bá ọ̀gá báyìí. Mi ò lè ṣèlérí. Àárọ̀ ọ̀la ni màá pè é.”

Fóònù kú. Bọ̀dá jókòó sórí àpótí, ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́. “Gbogbo ìlú yẹn ti gbọ́ nípa wa báyìí,” ó wí. “Ká ní wọn ò wá gbà ọ́ ńkọ́? O ti tú ìyá ẹ síhòòhò lásán.”

“Bí wọn ò bá gbà mí, màá kọ̀wé síbòmíràn. Èmi ni màá kọ ọ́, èmi ni màá sì fọwọ́ sí i. Bó bá fi máa di oṣù méjì òní, mi ò ní gbé ilé yìí mọ́.” Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Ẹ̀yin lẹ máa wá máa sùn ti Màmá.”

“Èmi? Pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ?”

“Ẹ kó wọn bọ̀. Yàrá mi á ti ṣófo.”

“O ò tiẹ̀ bi mí!”

“Kò sẹ́ni tó bi èmi náà, Bọ̀dá.”

Bọ̀dá wo ìyá rẹ̀, bóyá yóò gba òun sílẹ̀. Tísà Àgbà ò gbà á sílẹ̀. Ó ní, “Yàrá yẹn gbà yín,” ó sì ń fi etí aṣọ nu imú. Bọ̀dá dìde, ó ní òun ń lọ ti ṣọ́ọ̀bù, òun ń bọ̀ láṣàálẹ́ kí wọ́n jọ sọ ọ́. Olómi gbọ́ bó ṣe ń kùn lọ títí dé títì.

Ó ku àwọn méjèèjì nínú kíṣìnì. Àlùbọ́sà ti rọ lórí pátákó ìgé. Olómi bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé e síta.

“Ṣé o ti dárí jì mí?” Tísà Àgbà bi í.

“Rárá, Màmá.”

“Mo ṣáà ti sọ ọ́ fún wọn. Ohun tí o ní kí n ṣe ni mo ṣe.”

“Ẹ ṣe é, ẹ ṣeun. Inú ṣì ń bí mi.”

“Títí di ìgbà wo?”

“Mi ò mọ̀. Ẹ má bẹ̀ mí, ẹ má sì rán ẹnikẹ́ni sí mi. Ẹ jẹ́ kó bí mi tán.”

Tísà Àgbà ṣí ẹnu láti tún sọ̀rọ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kò sí ìjà tí kò fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ parí. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó dúró sí ẹnu ọ̀nà, tí ojú rẹ̀ ṣì pọ́n, tí kò sì ṣí kúrò.

“Ó dáa,” ó wí. “Màá dúró títí yóò fi bí ọ tán.”